Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì àkọ́kọ́ fún ojú ọ̀nà Kabba sí Ìyàrá: èwo ni kí n rà?

Nọ́ọ̀sì Kabba:

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì rí ní agbègbè wa yìí ni mo ń wá. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, èyí tó ní pẹ́dà, tí ẹ́ńjìnnì kékeré sì ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kó èrò.

Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi ni mo ń gbé. Ilé ìwòsàn kékeré kan lójú ọ̀nà Ìyàrá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kìlómítà 11 sí ẹnu ọ̀nà mi. Ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ, òun náà ló ń gbé mi bọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọ̀kadà ń gòkè, owó oṣù mi kò bá a gòkè. Bí mo bá sì ṣe iṣẹ́ alẹ́, mo máa ń dúró pẹ́ lójú títì láàárọ̀ kí n tó rí ẹni tí yóò gbé èmi nìkan, nítorí n kò fẹ́ jókòó sáàárín ọlọ́kadà àti èrò kejì.

Yàtọ̀ sí èyí, mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ gan-an. Raleigh bàbá mi ni mo fi kọ́ ọ, tí mò ń ti ẹsẹ̀ gba abẹ́ irin àárín kọjá nítorí n kò ga tó ìjókòó. Ó wù mí kí n máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ògìdì ní ọjọ́ Sátidé, kí n wo àwọn òkè àpáta wọ̀nyẹn, kí n yà kí àwọn ìyá tí ń hun aṣọ òkè, kí n sì padà sílé kí oòrùn tó mú.

Owó tí mo ti kó jọ jẹ́ ₦800,000. Òǹtajà kan ní Lokoja fi méjì hàn mí. Èkíní ní táyà gbàǹgbà bíi ti alùpùpù, wọ́n kọ 1000W sí i lára, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ní ó lè sáré tó kìlómítà 45 ní wákàtí kan. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ irú ti mọ́tò, mẹ́rin ni wọ́n so pọ̀. Èkejì kéré, 36V 10Ah, 250W, bátìrì lithium. Ó ní yóò rin kìlómítà 60. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìlú Ọba sì ní òun lè gbé ọ̀kan wá fún mi tí òun bá ń bọ̀ wálé ní Kérésì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Iná ìjọba lọ́dọ̀ wa kò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ mọ̀.

Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ Mopa:

Ọ̀kun, àbúrò mi. Kú iṣẹ́ àwọn aláìsàn. Inú mi dùn pé o béèrè kí o tó sanwó. Mopa ni mo wà, olùkọ́ ni mí, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ni mo fi ń lọ sí ilé ìwé, òun ni mo sì fi ń lọ sí Ìsánlú lọ́dọ̀ àwọn àna mi.

Gbé ọ̀rọ̀ ìyára jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bátìrì ni kẹ̀kẹ́ náà. Irin yòókù ṣeé tún ṣe. Wo nọ́ńbà méjì tí wọ́n kọ sára bátìrì, fi V (bí iná rẹ̀ ṣe ń tì tó) lu Ah (iye iná tó ń gbà), ohun tí o bá rí ni Wh, ìyẹn iye agbára tó wà nínú rẹ̀. 36V lọ́nà 10Ah jẹ́ 360Wh. 48V lọ́nà 13Ah jẹ́ 624Wh. Ẹni tó bá ń tẹ pẹ́dà dáadáa yóò ná bíi 10 sí 15Wh lórí kìlómítà kan ní ilẹ̀ olókè bíi tiwa. Ẹni tó bá ń yí ọwọ́ bíi ti ọ̀kadà tí kò tẹ pẹ́dà rárá lè ná tó 20. Àlọ àti àbọ̀ rẹ jẹ́ kìlómítà 22. Fi 15 lù ú: 330Wh. O rí i pé 360 yẹn yóò gbé ọ délé, ṣùgbọ́n ní ẹnu àìtó ni. Bátìrì sì ń dàgbà, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kì í gba ohun tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun mọ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó bá kọjú sí ọ náà ń jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, má rà èyí tó kéré sí 500Wh. 48V 10.4Ah, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 500Wh gẹ́lẹ́, yóò tó ọ.

Kìlómítà 60 tí òǹtajà ń wí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹni tí kò sanra, ìrànwọ́ tó kéré jù lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ojú ọ̀nà wa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ti onítáyà gbàǹgbà yẹn, mo bẹ̀ ọ́, fi í sílẹ̀. Bátìrì olójé (irú ti mọ́tò yẹn) mẹ́rin tó jẹ́ 12V 12Ah, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ sí kílò mẹ́rin. Kílò 16 ni bátìrì nìkan! Ti lithium tó jẹ́ iye kan náà kò ju bíi kílò mẹ́rin lọ. Tí olójé bá sì ń tán ráúráú lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kú. Ìyára 45 náà ń jẹ bátìrì, nítorí bí èèyàn ṣe ń sáré sí i ni afẹ́fẹ́ ń tì í padà sí i. Máa rìn ní 25, bátìrì kan náà yóò gbé ọ jìnnà ju bí o ṣe rò lọ.

Ní ti òkè, ẹ́ńjìnnì tó wà láàárín rìímù ẹ̀yìn ni kí o rà, èyí tó ní jíà nínú. Ó kéré, ó lágbára lórí òkè, tí bátìrì bá sì tán lójú ọ̀nà, táyà á máa yí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ́ńjìnnì kò ní fà á sẹ́yìn. Èyí tó tóbi tí kò ní jíà máa ń fa ẹsẹ̀ èèyàn. 350W sí 500W lórí 48V tó fún òkè tó wà láàárín Kabba sí Ògìdì, bí ìwọ náà bá ń tẹ pẹ́dà. Tí òkè bá ga, má jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa wọ́ bí ẹni tó fẹ́ dúró kí o wá máa yí ọwọ́ nìkan. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná. Yí jíà sílẹ̀ kí o tó dé ìdí òkè, kí ẹsẹ̀ rẹ máa yí kíákíá.

Ọ̀rọ̀ táyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi òǹtajà. Táyà íǹṣì 26 ni kí o rà, tó fẹ̀ tó íǹṣì 2.1 tàbí 2.3. Túùbù rẹ̀ wà lọ́jà Kabba, gbogbo àwọn alátùn-ún-ṣe kẹ̀kẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Ti 4.0 gbàǹgbà, tó bá jò ní ọjọ́ ajé, ta ni yóò tà á fún ọ? Ra sípánà 18 mọ́ ọn, nítorí nọ́ọ̀tì rìímù ẹ́ńjìnnì máa ń tóbi ju ti kẹ̀kẹ́ lásán lọ, fọkanáísà lè má ní in. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o kọ́ bí a ṣe ń yọ wáyà ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó fa táyà jáde. Tí wọ́n bá dá a padà, wo wọ́ṣà eléyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀tì, kí eyín rẹ̀ wọ inú ihò dáadáa. Òun ló ń di ọ̀pá àárín mú kó má baà yí kó já wáyà.

Bíréèkì onípáànù ni kí ó jẹ́, níwájú àti lẹ́yìn, ìyẹn irú tó ń di irin pẹlẹbẹ roboto tó wà láàárín rìímù mú. Mo fara mọ́ èyí tí wáyà ń fà ju èyí tí òróró ń tì lọ níbí yìí, nítorí wáyà ló wà ní Kabba. Kẹ̀kẹ́ yìí ń wọn bíi kílò 25, ìwọ pẹ̀lú báàgì rẹ wà lórí rẹ̀, o sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nínú òjò. Má gbà kí ẹnikẹ́ni ta bíréèkì onírọ́bà lásán fún ọ.

Wáyà Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n Mopa ti sọ òótọ́. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ̀, sólà ni mò ń so jù, ọ̀rọ̀ ṣáájì ni mo fẹ́ fi kún un.

Ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ iná. Ṣájà bátìrì 48V ń fi 54.6V jáde, èyí tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ 2A. Bíi 110W nìyẹn, kò tó nǹkan kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ yóò gbé e. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹ́ kọ́kọ́ balẹ̀ kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì yọ ọ́ kí ẹ tó pa á. Bátìrì 500Wh tó tán yóò lo bíi wákàtí márùn-ún. Tí ẹ bá ní inverter nílé, gbogbo ohun tí yóò mu lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju 600Wh lọ. Bátìrì 12V 200Ah kan ní 2,400Wh nínú. Kí inverter náà jẹ́ irú tí iná rẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń pè ní pure sine wave.

Ẹ ní ilé ìwòsàn ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Tí sólà bá wà níbẹ̀ fún fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má fọwọ́ kan wáyà yẹn láé. Fìríìjì yẹn ní páànẹ́lì tirẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe iyebíye ju kẹ̀kẹ́ lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn ni kí ẹ tọrọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Iná lithium kì í ṣe iná tí èèyàn ń fi omi kéékèèké pa. Ẹ má ṣe ṣáájì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ óò gbà sá jáde. Ẹ má fi í sílẹ̀ lórí ṣáájì kí ẹ lọ sùn. Orí sìmẹ́ńtì ni kí ó wà, lójú yín. Tí ẹ bá ti inú oòrùn dé, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ṣájà tó bá a wá nìkan ni kí ẹ lò. Irú lithium mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, ṣájà 48V tirẹ̀ máa ń fi V tó ju 54.6 lọ jáde, bí ẹ bá sì ki í bọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ewu ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bátìrì náà torí pé ó mọ fóònù tún ṣe.

Ọmọ Ìsánlú ní Manchester:

Àbúrò, bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀ kó tó ra nǹkan kan. Ọkọ̀ òfúrufú èrò kì í gba bátìrì tó ju 160Wh lọ nínú ẹrù èèyàn, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ tàbí nísàlẹ̀. Bátìrì kẹ̀kẹ́ ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀. Tó bá sì gbé kẹ̀kẹ́ wá láìsí bátìrì, ìwọ ni yóò máa wá bátìrì tí ẹnu rẹ̀ bá a mu kiri.

Kẹ̀kẹ́ ibí tún ní òfin tirẹ̀: 250W, ẹ́ńjìnnì á sì dákẹ́ tí ìyára rẹ̀ bá ti tó kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Àwọn tó dára níbí, Bosch tàbí Shimano ló wà ní ìdí pẹ́dà wọn. Wọ́n ń gun òkè dáadáa, mo jẹ́rìí sí i. Àmọ́ tí Bosch bá kọ àṣìṣe sójú rẹ̀, kọ̀ǹpútà oníṣòwò wọn ló máa ń kà á. Agbára rẹ̀ sì ń gba orí ṣéènì kọjá, ṣéènì á tètè jẹ. Kó fi owó ránṣẹ́ sí ọ, kí o ra èyí tí ará Kabba lè tún ṣe.

Nọ́ọ̀sì Kabba:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kò ní ṣàìsàn. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó ní òun yóò fi ₦200,000 kún un dípò kí òun gbé kẹ̀kẹ́ wá. Òǹtajà yẹn sì ní òun ní ẹ̀kẹta: 48V 13Ah, 500W lẹ́yìn, táyà 26, bíréèkì páànù oníwáyà, bátìrì rẹ̀ ń yọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. ₦960,000 ló pè é.

Ó ku ìbéèrè díẹ̀. Yéèrì ni mo ń wọ̀ sí iṣẹ́. Ọ̀nà máa ń ṣókùnkùn nígbà tí mo bá ń lọ síṣẹ́ alẹ́. Báwo sì ni mo ṣe lè mọ̀ pé bátìrì rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ti gbó?

Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ Mopa:

Àbúrò mi, ìyẹn ló bá iṣẹ́ rẹ mu. Bi í bóyá ó ní èyí tí irin àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, tí a ń gbé ẹsẹ̀ kọjá láìgbé e sókè. Yéèrì kò ní dí ọ lọ́wọ́, ara á sì rọrùn fún ọ nígbà tí báàgì bá wà lórí kárííyà. Kí ó ní ohun tó bo ṣéènì, kí ó sì ní àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn kí aṣọ má wọ inú sípókù.

Iná iwájú tó ń mu láti ara bátìrì ńlá ni kí o béèrè, kì í ṣe èyí tí a ń fi bátìrì rédíò sí. Kó tàn débi tí o ti lè rí kòtò kí o tó dé ibẹ̀. Iná pupa lẹ́yìn pẹ̀lú, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gba Kabba kọjá kì í rọra. Wọ aṣọ tó ń dán lé aṣọ iṣẹ́ rẹ, ra akoto. Tí iṣẹ́ alẹ́ bá bọ́ sí àsìkò tí ọ̀nà kò dára, wọ ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ yóò dúró dè ọ́.

Ní ti bátìrì: wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára rẹ̀, má gba èyí tó ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọdún méjì. Ní kó ṣáájì rẹ̀ kó kún lójú rẹ, kí o fi mítà wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kó súnmọ́ 54V. Lẹ́yìn náà gun kẹ̀kẹ́ náà ní Lokoja níbẹ̀. Gbé e lọ sí ìdí Òkè Patti, kí o gun ibi tó ga díẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ. Tí àmì bátìrì bá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkè tó sì padà gòkè nígbà tí o dúró, bátìrì yẹn kò lágbára mọ́. Gbọ́ ẹ́ńjìnnì: ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán, kó má ha bí ìgbà tí wọ́n ń lọ nǹkan.

Gba ìwé ẹ̀rí tó ní nọ́ńbà bátìrì nínú, kọ́kọ́rọ́ méjì, àti túùbù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyókù owó rẹ, fi ra sípánà, akoto àti ṣéènì ńlá tí o máa fi dè é mọ́ òpó ilé ìwòsàn. Tí o bá gbé e dé, má fi omi alágbára ibi ìfọmọ́tò fọ̀ ọ́. Aṣọ tútù tó. Bí o bá sì fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ rìímù ẹ̀yìn, Sátidé kan ni kí o gba Ayétòrò-Gbẹdẹ wá, èmi náà á gun tèmi wá pàdé rẹ níbẹ̀ pẹ̀lú irin iṣẹ́.