Bí ìwé àyẹ̀wò pírọ́sítéètì bá gbé HGPIN jáde

Ará lábù, Adó-Èkìtì
Ọ̀pọ̀ ló ń ka lẹ́tà márùn-ún yìí tí wọ́n sì ń sunkún jẹjẹrẹ délé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ihò wẹ́wẹ́ pírọ́sítéètì (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀) ló ti yí padà, ojú wọn sì ti fẹ́ jọ ti jẹjẹrẹ, àmọ́ wọn ò tíì já ògiri jáde. Kì í gbé PSA (èròjà tí pírọ́sítéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀) sókè, ìka dókítà ò lè bá a. Bí PSA bá ga, ẹ má dì í rù ú, ẹ wá ohun mìíràn tó fà á.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni iye ibi tó wà. Ẹran wẹ́wẹ́ 12 ni abẹ́rẹ́ sábà máa ń fà láti inú pírọ́sítéètì fún àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ nínú ẹyọ kan ṣoṣo ni, ewu ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹni tí wọn ò rí nǹkan kan lára rẹ̀ lọ. Bó bá ti di méjì sókè, dókítà á fẹ́ MRI (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara) tàbí kó tún fa ẹran. Ibi tí wàhálà wà nìyí: wọ́n á da gbogbo ẹran náà sínú ike kan, wọ́n á fi láílọ́ọ̀nù dúdú gbé e wá láti Ìkọ̀lé. Ẹran tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ á lọ́ mọ́ra, á já. Ta ló fẹ́ mọ èyí tó ti apá ọ̀tún wá? Ike lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ lára ìkọ̀ọ̀kan, fọ́málíìnì 10%. Kì í ṣe omi o.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó-Èkìtì
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. ASAP, èyí tí ìwé àyẹ̀wò náà tún máa ń gbé jáde, ńkọ́? Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ará lábù, Adó-Èkìtì
Òótọ́ ni, àbúrò. ASAP ni pé a fura sí jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ohun tí a rí kéré jù láti búra lé. Èyí kò ṣeé fi sílẹ̀. Láàárín oṣù 3 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń tún un fà.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó-Èkìtì
Fún HGPIN nìkan, a kì í ṣiṣẹ́ abẹ, a kì í fún wọn lóògùn jẹjẹrẹ, àgbo ọlọ́jọ́ méje ò sì kàn án. PSA la óò máa ṣọ́. Kí bàbá má bá obìnrin sùn fún ọjọ́ méjì ṣáájú àyẹ̀wò PSA. Bó bá ń lo finasteride (oògùn pírọ́sítéètì tó wú) láti bí ọdún kan, ẹ sọ ọ́: oògùn náà máa ń gé PSA sí ìdajì, 3 tí ẹ rí lè jẹ́ 6. Lẹ́yìn fífa ẹran, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ìtọ̀ kì í ṣe bàbàrà. Ibà pẹ̀lú òtútù ni kẹ́ ẹ gbé e sáré wá, kódà lóru.