Màmá mi ní Àyìnlá kọ́ nìyẹn

Ọmọ Ìtòkò:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní kí oníkálukú sọ bó ṣe tún ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ ṣe títí tó fi dùn-ún gbọ́. Tèmi ti wọ ọdún kẹrin báyìí. Ibi tó dùn mí jù ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi papòdà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín ilẹ̀, wọ́n pín aṣọ. Kò sẹ́ni tó béèrè àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwo 67 ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ti Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ọmọ Ìtòkò l'Ábẹ̀òkúta bíi tiwa, tó kú ní 1980. Yusuf Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú sákárà rẹ̀, Obey náà wà níbẹ̀. Giramafóònù tí bàbá mi fi ń gbọ́ wọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ni mo bá ra tòkúnbọ̀ kan tó wá láti Amẹ́ríkà. Ara igi ni, ó ń dán, bẹ́líìtì ló ń yí i. Ẹni tó tà á fún mi kìlọ̀ pé iná 110 ló ń lò, pé kí n wá tiransifọ́mà. Mo wá a. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ampilifáyà àti sípíkà, mo gbé Àyìnlá lé e.

Ohùn jáde, ó ki, ó kún pálọ̀. Mo ní ohùn rẹ́kọ́ọ̀dù nìyí, kì í ṣe ti inú fóònù. Odindi oṣù méjì ni mo fi ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ ń pe àwọn ọ̀rẹ́ wá gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, màmá mi wá kí wa. Wọ́n gba abọ́ ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọ́n jókòó, wọ́n ń bó o. Mo gbé àwo lé ẹ̀rọ kí inú wọn lè dùn. Wọ́n bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́rin, márùn-ún, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n ní, "Ta ló ń kọ orin Àyìnlá yìí?"

Mo ní, "Màámi, Àyìnlá gan-an nìyẹn o. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ lára páálí."

"Páálí ni kí n wò? Ṣé ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ orin ni? Àyìnlá kọ́ nìyẹn. Ohùn Àyìnlá a máa ta ni bí ata. Èyí ń fà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìlù yẹn ńkọ́? Ìlù Adéwọlé Onílù-ọlá kì í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ báyìí." Wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí wọn.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Mo gé pépà tínrín kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí abọ́ irin tí àwo ń jókòó lé, mo fi fóònù ka ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo sì ń ka iye ìgbà tí pépà náà kọjá níwájú mi. LP, ìyẹn àwo ńlá irú èyí tí mò ń gbọ́ yìí, gbọ́dọ̀ yí nígbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó di 100 géérégé. Tèmi yí nígbà 83. Mo tún un kà. 83.

Tiransifọ́mà ò jẹ̀bi. Ó sọ 230 tiwa di 110 bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ṣùgbọ́n iná tiwa ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan, ti Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 60, tiransifọ́mà kò sì lè fọwọ́ kan ìyẹn. Lílọ-bíbọ̀ yẹn gan-an sì ni mọ́tò irú ẹ̀rọ tèmi ń tẹ̀ lé. Ẹ pín 100 sí ọ̀nà mẹ́fà, ẹ kó márùn-ún nínú rẹ̀: 83 àti díẹ̀ lẹ ó bá. Ohùn tó ki tí mo ń fi yangàn, Àyìnlá tí wọ́n fà lẹ́sẹ̀ ni. Bí ẹ bá ní dùùrù nílé, ẹ tẹ kọ́kọ́rọ́ kan, kí ẹ ka mẹ́ta sọ́wọ́ òsì, funfun àti dúdú pọ̀, ẹ ó rí bó ṣe jìn tó sí ohùn tí ọkùnrin náà ní láyé. Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún gbọ́ ọ láàárín ẹ̀gúsí márùn-ún.

Wọ́n júwe bàbá kan fún mi ní Láfẹ́nwá, tó ń fi ẹ̀rọ lathe gbẹ́ irin fún àwọn tó ni ẹ̀rọ ìlọta àti àwọn onígààrí. Mo yọ púlì kékeré tó wà lórí mọ́tò, èyí tí bẹ́líìtì ń gbà lára rẹ̀, mo mú un lọ. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Mo ṣàlàyé pé 10 mm ni ìbú rẹ̀, pé kí wọ́n fi idẹ gbẹ́ 12 mm fún mi kó lè yá sí i. Wọ́n fi èékánná ọwọ́ họ àárín púlì náà, wọ́n ní, "Ṣé o rí i pé ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀? Ikùn yẹn ló ń di bẹ́líìtì mú. Bó bá tẹ́jú, bẹ́líìtì á já bọ́. Bákan náà ni ti ọlọ ata." Ẹni tí kò fọwọ́ kan giramafóònù rí láyé rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o!

Mo gbé tuntun délé, mo kà á: 99. Mo padà lọ ní ọjọ́ kejì. Bàbá ní, "Ṣé o ka bẹ́líìtì mọ́ ọn?" N kò kà á. Wọ́n ní bẹ́líìtì náà nípọn, àti pé àárín ìnípọn yẹn ló ń fa ẹrù. Bẹ́líìtì mi jẹ́ ìdajì mm, nítorí náà 10 mi, 10.5 ni lójú iṣẹ́. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.2, ìyẹn 60 tí a pín sí ọ̀nà 50, ó di 12.6. Ẹ yọ ìdajì mm ti bẹ́líìtì kúrò, ó ku 12.1. Nítorí ìdá kan nínú mẹ́wàá mm, wọ́n gbẹ́ òmíràn, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ náà. 100.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó ra wáyà olówó iyebíye, kí ẹ tó pààrọ̀ sípíkà, ẹ gé pépà kékeré yẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀mọ̀:

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ìrántí bàbá o. Ọ̀rọ̀ màmá yín wọ̀ mí lára. Abẹ́rẹ́ ni ti àwa.

Ilé bàbá bàbá mi là ń gbé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó jẹ́ pákó ni ilẹ̀ òkè rẹ̀. Bí èèyàn bá ti gba pálọ̀ kọjá, abẹ́rẹ́ á fò. Nítorí èyí, bàbá mi lẹ owó kọ́bọ̀ kan mọ́ orí apá ẹ̀rọ náà kó lè wúwo. Bí mo ṣe gbọ́njú bá a nìyẹn, mo rò pé ara ẹ̀rọ ni.

Nígbà tí mo ra abẹ́rẹ́ tuntun, ìwé inú rẹ̀ ní gíráàmù 2 ni kí n fi tẹ̀ ẹ́. Mo yá òṣùwọ̀n kékeré lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń tún wúrà ṣe, mo sọ abẹ́rẹ́ àtijọ́ lé e pẹ̀lú kọ́bọ̀ rẹ̀: ó lé ní 6. Ẹ̀rù bà mí. Mo kó àwọn àwo síta sí ojúmọmọ. Àwọn tí bàbá mi fẹ́ràn jù, tí wọ́n ń gbé lé e ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ojú wọn ti di eérú, ohùn wọn ti họ. Àwọn tí wọn kò fẹ́ràn ló ń dún bí ẹni pé àná ni wọ́n rà wọ́n. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo yọ kọ́bọ̀ náà, abẹ́rẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Mo pe káfíńtà, ó kan pẹpẹ kan mọ́ ara ògiri, kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ pákó rárá. Òkúta pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí wọ́n ń là níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ni mo tẹ́ lórí pẹpẹ náà, ẹ̀rọ sì jókòó lé òkúta. A kúkú ń gbé lábẹ́ Olúmọ, òkúta ò wọ́n wa. Àwọn ìbejì ń fò sókè fò sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ò mọ̀.

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ èyí náà: àwọn àwo àtijọ́ tó wúwo, tó ń fọ́ bíi tánganran, tó ń yí nígbà 78, ẹ má fi sípíríìtì nù wọ́n láé! Wọn kì í ṣe rọ́bà bíi ti LP. Oje tí kòkòrò kan ń pọn sára igi ní Íńdíà ni wọ́n fi pò wọ́n, ọtí líle a sì máa yọ́ ọ. Mo fi nu ẹyọ kan. Òwú dúdú ni mo rí lọ́wọ́, orin ti lọ. Omi mímọ́ tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan ṣoṣo, àti aṣọ rírọ̀, ó tó. Kí omi má kan páálí àárín. Abẹ́rẹ́ tiwọn náà yàtọ̀, ó ní láti nípọn, torí ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lára wọn fẹ̀ ju ti LP lọ.

Àbúrò yín, Àṣerò:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀rọ tèmi, ti Yúróòpù ni, 50 rẹ̀ bá tiwa mu. Jẹ́n ló dà á rú. Bí mo bá ti tan jẹ́n kékeré, orin á sáré. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, orin á wọ́.

Mo wá páálí olóbìrípo tí wọ́n fa ìlà 180 sí. Lábẹ́ gílóòbù tó ń lo iná 50, bí ìyípo bá tọ́, àwọn ìlà yẹn á dà bí ẹni pé wọ́n dúró sójú kan. Mo gbé e lé e, jẹ́n ń dún níta. Ìlà dúró ṣinṣin. Etí mi sì ń sọ pé orin ń sáré. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó yé mi: jẹ́n kan náà ló ń bọ́ gílóòbù, òun náà ló ń bọ́ mọ́tò. Bí ọ̀kan bá sáré, èkejì á bá a sáré. Ẹlẹ́rìí méjì tó ti jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni wọ́n. Fóònù kì í bá wọn gbìmọ̀, òun ni mo wá ń fi kà á. Ní báyìí, ínfátà ni mo fi ń gbọ́ orin, ó sì dúró lórí 50 rẹ̀.

Ti ìdúró abẹ́rẹ́ náà yà mí lẹ́nu. Bí àwo Baba Lẹ́gbá bá ti ń lọ sópin, gòjé rẹ̀ á máa han gooro, eyín á máa kan mí bí ẹni jẹ ọsàn kíkan. Mo lọ tẹ páálí ìwọ̀n, èyí tí ẹ ó fi dojú abẹ́rẹ́ kọ ọ̀nà gangan ní ibi méjì: 66 mm sí àárín àwo, àti 120.9 mm. Mo tò ó, gòjé tún burú sí i. Nígbà tí mo gbé rúlà lé páálí náà, 120.9 ti di 117. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti fún un kó lè wọ bébà. Mo padà lọ, mo dúró ti wọn, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí gan-an. Gòjé balẹ̀.

Ọmọ Ìtòkò:

Àbúrò, ẹlẹ́rìí méjì yẹn dára. Màá lọ sọ ọ́ fún bàbá ní Láfẹ́nwá.

Ẹnìkan bi mí léèrè ti yàrá. Táìsì ni ilẹ̀ mi, ògiri jẹ́ bíríkì, ohùn ń ta padà bíi ti inú gbọ̀ngàn. Mo tẹ́ rọ́ọ̀gì, mo sì gbé kọ́tìnì adìrẹ méjì tó nípọn kọ́ láti Ìtòkú. Mo fa sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, bíi gígùn apá kan sí ògiri. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá mi padà wá lẹ́yìn púlì kejì. N kò sọ nǹkan kan fún wọn. Mo dúró kí wọ́n jókòó tán, mo gbé àwo kan náà lé e, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ìlù bẹ̀rẹ̀, Àyìnlá gbé e. Wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Níbo ló wà látọjọ́ yìí?"

Wọ́n bá a gbe orin náà dé ìparí, ọ̀rọ̀ kan ò sọnù. Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé etí páálí àárín, wọ́n ní kí n yí i sí ojú kejì.