Dọ́là 39.95 fún àpilẹ̀kọ kan lórí oúnjẹ ẹja àrọ̀: ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja, Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ àṣekágbá ni, lórí fífi ìdin rọ́pò ẹja lílọ̀ nínú oúnjẹ ẹja àrọ̀. Àpilẹ̀kọ mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn owó, ọ̀kan ń béèrè dọ́là 39.95. Ọ̀nà wo ló bófin mu láti rí wọn kà? Kí ló sì dé tó fi wọ́n tó báyìí? Ìkẹta, tí mo bá fẹ́ tẹ iṣẹ́ tèmi jáde: jọ́nà (ìwé ìwádìí àtìgbàdégbà) kan tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ ní kí òǹkọ̀wé san dọ́là 1,800, òmíràn fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ₦30,000 péré ni, ọjọ́ márùn-ún ni yóò sì jáde. Èwo ni kí èèyàn mú?

Ìyá Láíbìrì, Ìkòròdú
Má tíì san kọ́bọ̀. Wá DOI àpilẹ̀kọ náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tó máa ń fi 10 bẹ̀rẹ̀, lójú ìwé àkọ́kọ́. Tí o bá ń dà á kọ, má kó àmì ìdánudúró tó wà nípẹ̀kun gbólóhùn mọ́ ọn, torí òun ló sábà máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ní òun kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, fi àkọlé rẹ̀ sáàárín àmì àyọlò nínú Google Scholar, ẹ̀rọ tí Google fi ń wá àpilẹ̀kọ ìwádìí, kí o tẹ “All versions” lábẹ́ èsì. Ibẹ̀ ni ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé fi sí àká orí ayélujára ti yunifásítì tirẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí.

Lórí kọ̀ǹpútà, fi Unpaywall, àfikún tó ń wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́, kún Chrome tàbí Firefox. Bí àmì rẹ̀ bá di àwọ̀ ewé, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà. Bó bá dà bí eérú, kò rí i. Chrome orí fóònù Android kì í gba irú àfikún bẹ́ẹ̀, CORE (core.ac.uk), ojúlé tó ń kó àpilẹ̀kọ ọ̀fẹ́ jọ, ni kí o wá a lọ níbẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, kọ̀wé sí òǹkọ̀wé tí àmì ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìlà mẹ́ta tó: àkọlé, DOI, ohun tí o fẹ́ fi ṣe. Kò sí kọ́bọ̀ nínú dọ́là 39.95 yẹn tó ń kàn án, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ímeèlì bá padà, ó ṣeé ṣe kó ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ náà; wo àpilẹ̀kọ rẹ̀ tó dé kẹ́yìn, àdírẹ́sì tuntun á wà níbẹ̀.

Bi láíbìrì yín náà bóyá wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ fún AGORA, apá ọ̀gbìn àti ẹja nínú Research4Life, ètò tó ń jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ tí kò lówó rí jọ́nà kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. FAO, àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn àgbáyé, ló ń bójú tó AGORA láti 2003. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá fún ọ ní páásíwọ̀dù, má wa ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ lálẹ́ kan o! Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń tì mọ́ta.

Olùṣírò, Àgbádárìgì
Lórí iye owó: ọjà yìí kò jọ ọjà Olúwo. Bí alátẹ kan bá fowó lé ẹja, ẹ ó yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àpilẹ̀kọ tí ẹ nílò kò ní ìkejì, olówó rẹ̀ ló ń dá iye lé e. Òǹkọ̀wé kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kò gba nǹkan kan, yunifásítì tó ń san owó oṣù gbogbo wọn ló tún ń ra ìwé náà padà. Wọ́n sì ń di jọ́nà pọ̀ bí ẹja inú agbọ̀n: ẹ kò lè mú àrọ̀ kí ẹ fi wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Yunifásítì California pàápàá, tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀, já àdéhùn Elsevier, atẹ̀wé jọ́nà ńlá kan, sílẹ̀ ní 2019; 2021 ni wọ́n tó tún fọwọ́ sí òmíràn.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé kíkà lọ́fẹ̀ẹ́ ti pa owó náà rẹ́. Ó kàn kúrò lọ́rùn òǹkàwé bọ́ sọ́rùn òǹkọ̀wé ni. Láti 2021 tí jọ́nà Nature ti ṣí ọ̀nà yìí, yúrò 9,500 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Atúnwèéṣe, Ìkòròdú
Ti dọ́là 1,800: ìgbà tí ẹ bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ gan-an ni kí ẹ tọrọ ìdáríjì owó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ atẹ̀wé kì í dáhùn mọ́. Ẹ ka òfin wọn dáadáa, torí àwọn kan ń wo orílẹ̀-èdè gbogbo ẹni tó jọ kọ ọ́. Alájọkọ kan ṣoṣo ní Jámánì lè ba ìdáríjì náà jẹ́.

Ó sàn kí ẹ ṣí DOAJ, àkójọ jọ́nà tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ mú “Without fees”. Ìyẹn ni jọ́nà tí kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkàwé, tí kì í gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé.

Ti ọjọ́ márùn-ún, ẹ sá fún un. Ẹni tó mọ ẹja kò lè ka iṣẹ́ yín, kó kọ èsì, kí ẹ tún un ṣe, kó sì jáde láàárín ọjọ́ márùn-ún. Níní ISSN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà) kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Àwọn kan tilẹ̀ ń jí orúkọ jọ́nà gidi, nítorí náà láti inú DOAJ ni kí ẹ ti tẹ líǹkì lọ sí ojúlé rẹ̀, kì í ṣe láti inú ímeèlì wọn. Ẹni tó bá ti kó sí wọn lọ́wọ́, wọ́n lè béèrè owó kó tó yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, kò sì lè fi ránṣẹ́ síbòmíràn nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀nà mìíràn wà: ẹ fi sí jọ́nà tí òǹkàwé ń sanwó fún, tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, kí ẹ wá gbé ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, èyí tí ẹ ti tún ṣe ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì tò, sí àká ilé ẹ̀kọ́. Ojúlé Open Policy Finder, tí wọ́n ń pè ní Sherpa Romeo tẹ́lẹ̀, á sọ ohun tí jọ́nà náà gbà láàyè àti iye oṣù tí ẹ ó dúró, oṣù 12 tàbí 24 lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni gbígbé PDF aláràbarà ti atẹ̀wé fúnra rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ yọ ọ́. Fáìlì Word ti ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn, ẹ má pa á rẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹja, Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Méjì ti jáde lábẹ́ “All versions”, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà ojú ìwé lára wọn. Báwo ni kí n ṣe tọ́ka sí wọn?

Ìyá Láíbìrì, Ìkòròdú
Jọ́nà, ọdún, ìdìpọ̀ àti DOI ti ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ jáde ni kí o kọ. Bí o bá yọ ọ̀rọ̀ lò, dárúkọ ìsọ̀rí tí o ti rí i dípò ojú ìwé. Ṣọ́ra fún àtẹ ìṣirò: nọ́ńbà lè yí padà nígbà àtúnyẹ̀wò ìkẹyìn. Tí o bá máa gbé ìdá amúaradàgbà (purotéènì) inú oúnjẹ náà lé nǹkan kan, ní kí òǹkọ̀wé fi àtẹ yẹn nìkan ránṣẹ́ sí ọ.