"Oògùn agbára" kọ́ ni gbogbo sítẹ́rọ́ìdì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní kí á máa pe sítẹ́rọ́ìdì ní "oògùn agbára", torí ohun tí àwọn eléré ìdárayá ń lò kí ara wọn lè le ni, orúkọ sì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ hàn. Ìdí gan-an tí n kò fi gbà nìyẹn. Oríṣi sítẹ́rọ́ìdì méjì tí à ń rí jù, iṣẹ́ wọn nínú ẹran ara tako ara wọn.

Ọ̀kan jẹ́ ìbátan testosterone, họ́mọ̀nù tí kórópọ̀n ọkùnrin ń pèsè. Ẹ rántí Ben Johnson ará Kánádà ní Seoul lọ́dún 1988: ó sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.79, wọ́n bá stanozolol, ọ̀kan nínú irú sítẹ́rọ́ìdì yìí, nínú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gba góòlù padà. Irú èyí ń mú iṣan ki lóòótọ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996, wọ́n gún àwọn ọkùnrin ní testosterone miligíráàmù 600 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10. Iṣan àwọn tí kò fọwọ́ kan irin rárá pàápàá ki sí i. (Kórópọ̀n lè súnkì, ọmú sì lè yọ láyà ọkùnrin, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í sí nínú ìpolówó.)

Èkejì ni prednisolone, dexamethasone àti àwọn ẹbí wọn. Họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ kékeré méjì orí kíndìnrín ń sun ni wọ́n fi jọ. Dókítà ń kọ wọ́n fún oníkọ́ fée (asthma) àti ẹni tí oríkèé ara rẹ̀ ń wú. Bí ó bá pẹ́ lára, ẹran ara ló máa ń jẹ, itan àti èjìká ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ wo ẹni tó ti ń gbé e mì fún oṣù púpọ̀ tó fẹ́ dìde lórí àpótí: á fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, á mí kanlẹ̀, kó tó nà ró. Iṣan tí à fi ń sáré, tí à fi ń fò, ló ń rù jù. Ṣúgà á gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, egungun á fúyẹ́. Agbára wo ló wà níbẹ̀?

Màmá wa kan fèsì pé àwọn ọmọge ń ra irú kejì yìí ní kẹ́mísì kí wọ́n lè sanra, nítorí náà "oògùn ìsanra" ló bá a mu. Òótọ́ ni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń kún rọ̀bọ̀tọ̀. Omi àti ọ̀rá ni, Mà. Bí ó bá ti pẹ́ lára wọn, ẹ di apá wọn mú, ẹ ó rí i pé ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ ká gba orúkọ lẹ́nu ẹni tó ń tajà.

Wọ́n tún bi mí pé, bí ó bá ń jẹ ẹran ara, kí ló dé tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, fi kà á léèwọ̀ fún ẹni tó bá gbé e mì tàbí tó gún un lásìkò ìdíje? Nítorí pé lílò ọjọ́ díẹ̀ lè pa ìrora àti àárẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fẹnu fà á sínú nítorí ikọ́ fée, tí kò kọjá ìwọ̀n, kò rú òfin.

Àbá tèmi: ẹ jẹ́ kí "sítẹ́rọ́ìdì" dúró bí orúkọ ìdílé, bí "tábìlì" ṣe dúró. Kí èkíní jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì amúṣanki, kí èkejì jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì amúwúrọlẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ yọ orúkọ ìdílé kúrò níwájú ti ìkejì yìí, torí ibuprofen, oògùn ara ríro, náà ń mú wíwú rọlẹ̀, kò sì sí ìbátan láàárín wọn. Ẹni tó bá dá ibuprofen dúró lójijì, kò séwu. Ẹni tó ti lo prednisolone pẹ́ kò gbọ́dọ̀ dán an wò: ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tirẹ̀ ti sùn, òyì lè gbé e, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún mi ni "iṣan" inú amúṣanki, nítorí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà à ń pè ní iṣan. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, kó gbé e wá.