Ẹ̀bùn ìwà rere: káǹpù ni kí ẹ ti wá ẹni tó tọ́ sí i

Tíṣà Ìmọ̀ Bíbélì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn ilé-ìwé wa ti ń sún mọ́lé, àríyànjiyàn ọdọọdún sì ti bẹ̀rẹ̀ ní yàrá àwọn tíṣà. Ẹ̀bùn Ìṣirò kì í ní wàhálà: ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù ló ni ín. Ti Yorùbá bẹ́ẹ̀, ti Báyọ́lọ́jì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn ìwà rere ló máa ń di gbọ́nmi-si, omi-ò-to. Tíṣà kan á ní kí a fún ọmọ tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíláàsì. Òmíràn á ní ọmọ pásítọ̀ ni kí a fún, torí pé ó mọ àdúrà gbà ní àsẹ́ńbílì. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ẹ wádìí rẹ̀ wò, ó lè jẹ́ pé oorun ló ń kùn ún.

Káǹpù ni èmi ti ń wo ìwà ọmọ. Nílé-ìwé, gbogbo wọn ló mọ ìgbà tí tíṣà ń bọ̀. Bàtà á máa dún ní kọ̀rídọ̀, oníkálukú á ti tún ojú ṣe. Àmọ́ ní káǹpù, ilẹ̀ á ṣú, omi á wọ́n, ẹja inú ọbẹ̀ kò ní kárí, ẹni tó sùn tì ọ́ á máa han-run. Ta ló lè tún ojú ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan?

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ni ilé-ìwé wa. Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, Ìkógosì-Èkìtì la kó àwọn ọmọ lọ. Ọ̀pọ̀ ló mọ ibẹ̀ sí ibi ìgbafẹ́ ìjọba, àmọ́ àwa Onítẹ̀bọmi ní ìtàn níbẹ̀. Míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan, John McGee, ló kọ́lé síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1952, tó sì sọ ọ́ di ibi káǹpù fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, kí ìjọba tó wá gbà á. Omi méjì ló ń sun níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Níbi tí èyí tó gbóná ti ń sun jáde, ooru rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 70°C. Nígbà tó bá fi máa ṣàn dé ibi tó ti pàdé ìkejì rẹ̀, ó ti rọlẹ̀ sí nǹkan bí 37°C. Àwọn ọmọ á ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì bọ èkejì, wọn á máa ké.

Ọmọ kan wà láàárín wọn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn òbí rẹ̀ ti kọ̀wé sí wa: kó má fi omi tútù wẹ̀, kó má sáré jù, kó máa mu omi dáadáa. Àárín òkè ni Ìkógosì wà, òtútù ìdájí ibẹ̀ nígbà ọyẹ́ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Mátíróònù ló yẹ kó máa gbé omi kaná fún ọmọ náà láràárọ̀, àmọ́ gáàsì tán mọ́ wa lọ́wọ́. Kí wọ́n tó rí èédú, ọmọ ti wẹ̀, ó ti wọ súẹ́tà, ó ń ka Bíbélì rẹ̀. Ta ló bá a gbé omi kaná? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Mo bá jí kùtù lọ́jọ́ kejì. Mo rí ẹ̀kán omi lórí òkúta àtẹ̀gùn, láti ìsàlẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọkùnrin. Mo dúró. Ẹni tí mo rí tó ń gòkè bọ̀ ni ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kún inú ìwé ìjìyà wa nítorí ariwo. Ó fi táwẹ̀lì ṣe òṣùká, ó ru garawa, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Mi ò mọ ibi tí ìkejì wà. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ń tanná tọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e lẹ́yìn, torí ó ti bẹ bàbá náà pé kó má jẹ́ kí òun nìkan lọ sétí omi. Omi gbígbóná ló ń pọn, kó sì tó gun òkè tán, ooru rẹ̀ á ti mọ níwọ̀n. Nígbà tó rí mi, ẹ̀rù bà á. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún àwọn tí a jọ wà ní yàrá. Wọ́n á ní kí n máa pọn tiwọn náà.”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹni mímọ́ kọ́ ni ọmọ náà, ọ̀lẹ díẹ̀ wà lára rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn ìwà rere, tíṣà kan fi ìwé bo ẹnu: “Alárìwo yẹn?”

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ káǹpù ilé-ìwé tàbí ti ìjọ rí, ta lẹ rí níbẹ̀ tí ẹ ò gbàgbé? Ẹ sọ tiyín.

Bàbá Brigade, Èkó

Ìyá tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ti èmi ti pẹ́ díẹ̀. Boys’ Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin onígbàgbọ́, la wà. Ní Glasgow lọ́hùn-ún ni William Alexander Smith ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1883, ó sì dé Èkó ní 1908. Ìdákọ̀ró ni àmì wa, láti inú Hébérù 6:19, “tí ó dájú tí ó sì dúró ṣinṣin.” Ọmọ kékeré tí kò tíì mọ bí ìdákọ̀ró ṣe rí rárá, á ti mọ ẹsẹ Bíbélì yẹn sórí.

Káǹpù Àjíǹde ni mo fẹ́ sọ. Inú kíláàsì ilé-ìwé míṣọ̀n kan la sùn. A kó àga àti tábìlì jọ sẹ́yìn, a tẹ́ ẹní sílẹ̀. Láràárọ̀ ni ọ̀gá á wá ṣe ínsípẹ́kṣọ̀n: bùláńkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ká bákan náà, bàtà gbọ́dọ̀ tò, irin bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ máa kọ mànà. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń dán irin náà. Bí ọwọ́ bá ní egbò, ẹ ò ní lè sùn. Yàrá tí máàkì rẹ̀ bá ga jù ló máa gbé asà lọ.

Àwa la wà níwájú. Ó ku ínsípẹ́kṣọ̀n ìkẹyìn. Ọ̀gá yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó mi orí, ó kọ máàkì wa sílẹ̀, ó ń lọ. Ni olórí yàrá wa bá ní, “Sà, ẹ ò tíì wo abẹ́ ẹní tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn.” Ọ̀gá ká ẹní náà. Èèpo máńgòrò! Àwa fúnra wa la gbá a síbẹ̀ lálẹ́, eṣinṣin sì ti bò ó.

Asà bọ́ lọ́wọ́ wa. Kò sí ẹni tó bá olórí wa sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú wa da iyọ̀ sínú ẹ̀kọ rẹ̀ (mi ò ní sọ ẹni náà). Títí di òní, tí a bá pàdé níbi ìnáwó, a ṣì ń bá a jà lórí èèpo máńgòrò yẹn. Òun náà la sì fi ṣe akápò ẹgbẹ́ àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́. Nígbà ìdìbò, kò sí ẹni tó bá a du ipò náà.

Ìyá Àbẹ̀ní, Abẹ́òkúta

Èmi ò wá yin ẹnikẹ́ni o. Ilé-ìwé onígbàgbọ́ tí ọmọ mi ń lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, gbé ọ̀rọ̀ ìwà sí ara ògiri, wọ́n gbé e sí ara yúnífọ́ọ̀mù. Nígbà tó kan káǹpù, owó tí mo san ṣẹ́ kù díẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú ìyókù wá ní òpin oṣù. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ lórí, ó rìn padà wálé.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ. Nígbà tó dé, kò tiẹ̀ tíì délé tiwọn tó fi yà lọ́dọ̀ wa. Ó mú ìwé alábala ogójì kan jáde, ó ti kún. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni ọmọ náà kọ síbẹ̀: ẹsẹ Bíbélì ojoojúmọ́, orin, eré, àní oúnjẹ tí wọ́n jẹ. “Ọjọ́bọ̀: ẹ̀wà. Kò jinná.” Ó ní òun kọ ọ́ kí ọmọ mi lè mọ ohun tí wọ́n bá ń sọ ní kíláàsì, kó má baà dúró bí àlejò.

Ọmọ yẹn ò gba ẹ̀bùn kankan. Àwọn tó ń pín ẹ̀bùn ò mọ̀ pé ìwé kankan wà.

Ọmọ SU tẹ́lẹ̀, Ilé-Ifẹ̀

Hàá, màmá, ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i. Ní káǹpù Scripture Union (SU) wa, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́, agogo ìdákẹ́jẹ́ àárọ̀ máa ń lù nígbà tí àkùkọ ò tíì kọ. Oníkálukú á gbé Bíbélì, á lọ wá ìdí igi kan jókòó. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí gbogbo ènìyàn ń kan sáárá sí pé ó máa ń pẹ́ nílẹ̀ àdúrà, orí rẹ̀ á tẹ̀ mọ́ Bíbélì. Lọ́jọ́ kan òjò dé, gbogbo wa sáré wọlé, òun ò mira. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló bà lé e. Àǹtí tó ń ṣe olórí wa lọ fọwọ́ kàn án, ó fò dìde, ó ní, “Ẹ ṣì bù ú sí i, kò tíì yó mi!” Gààrí ló ń lá nínú àlá.

Ọmọ Èkìtì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ forí jì mí, èmi ò fara mọ́ ẹ̀bùn ìwà rárá. Ilé-ìwé ìjọ Áńgílíkà ni ọmọ mi ń lọ níbí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á pín ìwé ẹ̀rí: ẹni tó láàánú, ẹni tó ní ìfaradà, ẹni tó ń sọ òtítọ́. Ọmọ mi mú ti àánú wálé, inú wa dùn. Mo bi í pé kí ló ṣe? Ó ní òun ṣílẹ̀kùn fún Miss. Mo ní, “Ṣé o máa ń ṣílẹ̀kùn fún ìyá rẹ tí ó bá ru ẹrù ọjà dé?” Ó ní, “Màámi kì í fúnni níwèé ẹ̀rí.”

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ ti kọ́ ọmọ pé kó tó ṣe oore, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó ń wòran. Wọ́n kó wọn lọ káǹpù náà nígbà tí wọ́n fẹ́ jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n gun ògiri, wọ́n tukọ̀. Ìwé ẹ̀rí náà ló tún gbé bọ̀.

Tíṣà Ìmọ̀ Bíbélì, Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, mo gbọ́ ọ, mo sì gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ìdí tí a kì í fi sọ fún àwọn ọmọ pé káǹpù wà lára ohun tí a fi ń yàn nìyẹn. Lẹ́yìn ti Ìkógosì, pírínsípà wa gbà sí mi lẹ́nu: kí tíṣà kankan tó dárúkọ, a ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó wa bọ́ọ̀sì, àti ẹni tó ṣọ́ géètì. Àwọn yẹn ò ní ẹ̀bùn láti fún ọmọ, kò sí ìdí tí ọmọ á fi ṣojú ayé sí wọn.

Ẹ ò mọ ohun tí etí mi ti gbọ́ láti ìgbà náà. Ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa ò mọ orúkọ ọmọ kankan. Ó ní, “Ọmọbìnrin gíga yẹn ni. Tó bá jẹ àmàlà tán, á ti da omi sí àwo kó tó gbé e wá, kó má baà gan mọ́ ọn.” Dírẹ́bà náà sọ ti ọmọbìnrin kan náà, láìmọ̀ pé ìyá ti sọ ọ́: òun ló fi àpò ọ̀rá ṣa ìdọ̀tí inú bọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n délé, tí àwọn yòókù ti sá lọ bá àwọn òbí wọn. Èmi tí mo kọ́ ọmọ náà, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju pé ìwé kíkọ rẹ̀ ò dára lọ.

Ẹ lè fẹ́ bi mí léèrè nípa alárìwo wa tó pọn omi ní Ìkógosì. Bàbá ẹ̀ṣọ́ sọ tirẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹni méjì ló sọ ti ọmọbìnrin, òun ló gbà á. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ọmọbìnrin náà, alárìwo yìí ló pariwo jù ní gbọ̀ngàn.

Màmá Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí ọmọ tó kọ ìwé yẹn. Ní ti owó káǹpù, ohun tí a ń ṣe níbí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa máa ń dá owó sọ́wọ́ bọ́sà, ẹni tó ń tọ́jú owó ilé-ìwé, lọ́dọọdún. Bọ́sà nìkan ló mọ ọmọ tí a bá san ìyókù fún. Tíṣà ò mọ̀, ọmọ pàápàá ò mọ̀. Lẹ́tà tí a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ojú ìwé kan péré ni. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síwájú ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà ilé-ìwé yín, ẹ sọ, màá fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ yọ orúkọ tiwa kúrò, kí ẹ fi tiyín sí i.