Ilẹ̀ oko mi tí omi ń dúró sí: ibi tí mo bá a dé

Ẹ kú àdúrótì mi o. Ẹ ó rántí pé mo ní apá kan nínú oko mi ni omi máa ń dúró sí lẹ́yìn òjò, ewé àgbàdo ibẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, ilẹ̀ á sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Mo bi yín léèrè ohun tí mo lè gbìn pọ̀ mọ́ àgbàdo kí ilẹ̀ náà lè jí padà.

Ẹni tó ní kí n kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún omi ló gbà mí. Ẹ̀wà tí mo gbìn sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ kú, gbòǹgbò rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́. Ni mo bá kọ ebè gíga, mo la poro kí omi lè ráyè jáde. Àgbàdo àti ẹ̀wà wà lórí ebè; kókò wà lẹ́sẹ̀ ebè, torí òun kò kọ omi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rọra hú ẹ̀wà kan. Wóro kéékèèké so mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo fi èékánná la ọ̀kan, inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú! Pupa yẹn ló ń fi hàn pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ń fa náítírójìn, èròjà tó ń bọ́ ewéko, látinú afẹ́fẹ́. Inú mi dùn púpọ̀.

Tí mo bá kórè tán, mi ò ní hú ẹ̀wà náà. Màá gé e nílẹ̀ kí gbòǹgbò jẹrà síbẹ̀, màá sì fi ewé rẹ̀ bo ebè. Igun ìsàlẹ̀ ṣì ń gba omi dúró. Kókò nìkan ni màá fi síbẹ̀.

Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn. Ẹ ṣeun gan-an ni.