Ìwé ìtàn ọmọdé lórí ẹ̀rù: kí ni kí ọ̀rẹ́ ṣe, kí ni kò gbọdọ̀ ṣe?

Olùkọ́ Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìwé ìtàn tó pín sí orí-orí ni mò ń kọ fún ọmọ ọdún 7 sí 9. Ìyanu ń bẹ̀rù òkùnkùn. Bí iná bá ti lọ, kò lè dá dé ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀pẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn fara kan tiwọn, ló máa ràn án lọ́wọ́. Orí mélòó ló tó? Báwo ni kò ṣe ní di pé Ọ̀pẹ́ ló ṣẹ́gun ẹ̀rù náà? Àmì ohùn ńkọ́?

Ìyá Rẹ̀mí, Àpáké:
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Orí mẹ́jọ tó, ọ̀rọ̀ 500 sí 700 ní orí kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ lè ka ọ̀kan tán kó tó sùn. Ẹ má kàn máa sọ pé "ẹ̀rù ń ba Ìyanu". Ẹ jẹ́ ká rí i: òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ní kò gbẹ òun mọ́, torí pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn ni àmù wà.

Ní ti Ọ̀pẹ́, kí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ máa dín kù bí ìtàn ṣe ń lọ. Ní Orí 3, kí wọ́n jọ jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kí tọ́ọ̀ṣì wà ní títàn. Ní Orí 4, kí wọ́n pa á, kí wọ́n ka ení dé ẹ̀wá kí wọ́n tó tún tàn án. Ọwọ́ Ìyanu ni kí tọ́ọ̀ṣì náà wà o! Ní Orí 5, wọ́n dé ìdí ìbẹ́pẹ, àdán já èso lulẹ̀ gbì, Ìyanu sá wọlé. Ẹ má yọ ibẹ̀ kúrò rárá. Bí ẹ̀rù bá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ tí ẹ̀rù ṣì ń bà yóò rò pé òun nìkan ni kò lè ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n rí ìbẹ́pẹ náà nílẹ̀ pẹ̀lú ojú eyín wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Orí 6, wọ́n padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Orí 7, Ọ̀pẹ́ dúró síbẹ̀, ó ń kọrin, Ìyanu nìkan lọ. Orí 8, Ọ̀pẹ́ ti rìnrìn àjò lọ sí Ọ̀yọ́.

Ọmọ Àjílété:
Òótọ́ ni Ìyá Rẹ̀mí sọ. Ṣùgbọ́n kí Ọ̀pẹ́ náà ní ẹ̀rù tirẹ̀, ajá àdúgbò bóyá, kó má di ọmọ tí kò ní àbùkù. Kó má sì sọ pé "kò sí nǹkan níbẹ̀". Ọ̀rọ̀ yẹn kì í lé ẹ̀rù lọ, ńṣe ló ń kọ́ ọmọ láti fi pamọ́. "Mo wà níbí. Ṣé ká dúró ni, àbí ká tún rìn díẹ̀?" ló dáa. Bí àgbàlagbà kan bá ti fi gbọ́mọgbọ́mọ dẹ́rù ba Ìyanu kó lè tètè sùn, ẹ kọ ọ́ sí Orí 1.

Olùkọ́ Tákìé:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá àgbà tó fẹ́ pàlọ́ tó máa yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rù náà ńkọ́?

Ìyá Rẹ̀mí, Àpáké:
Kó pàlọ́ ní Orí 2, kó má gùn. Bí òun bá ló yanjú u, ìwé ìyá àgbà nìyẹn.

Atẹ̀wé Ọ̀yọ́:
Ẹ fi gbogbo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé nílò wọn ju àgbà lọ. Fọ́ǹtì Andika tàbí Charis SIL gbé wọn dáadáa, ní ìwọ̀n 14 sí 16. Bí ẹ bá gbé fáìlì Word wá, tí kọ̀ǹpútà wa kò sì ní fọ́ǹtì yẹn, àmì á fò kúrò lórí ẹ àti ọ. PDF tí fọ́ǹtì ti wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbé wá.

Ìwé tí a bá fi píìnì gún láàárín, ojú ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ 4,800 (bí 600 ní orí kọ̀ọ̀kan) lórí bébà A5, bí 150 lójú ìwé kan, jẹ́ ojú ìwé 32. Àwòrán kan fún orí kọ̀ọ̀kan, 8. Iwájú ìwé, 4. Ó di 44, ó sì bára mu. Ẹ tètè gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lọ́dọ̀ Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà, torí ẹ̀yìn ìwé ló máa wà. Kí ayàwòrán má sì kun òkùnkùn náà dúdú kirikiri. Tàdáwà á rìn lórí bébà tó fẹ́lẹ́, á yọ sí ẹ̀yìn. Ìlà wẹ́wẹ́ ni kó fi ṣe é, kó fi ibi tí iná tọ́ọ̀ṣì bá dé sílẹ̀ ní funfun.